Ìmúra wo ló yọrí jù, èwo ló sì kù díẹ̀ káàtó, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa AMVCA?

Ọmọ Oníléèsì béèrè pé:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti ìyá mi ti máa ń tètè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ ètò AMVCA, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, kì í sì í ṣe nítorí ẹni tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ, bí kò ṣe nítorí àkókò tí àwọn òṣèré fi ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa ní Eko Hotel ní Victoria Island. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi fi ta léèsì ní Balógun, nítorí náà aṣọ kì í kọjá lójú rẹ̀ kó má sọ iye yáàdì tó wọ inú rẹ̀.

Àríyànjiyàn wa kò tíì parí. Lójú tèmi, láti ọdún 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà, kò tíì sí aṣọ tó borí èyí tí aránṣọ Veekee James rán fún òṣèré Osas Ighodaro ní ọdún 2022, tí gbogbo ìlú fi ń pariwo orúkọ àwọn méjèèjì. Ìyá mi gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti sọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ tó máa ń fún àyà àti ìbàdí pinpin, àti òkúta dídán di yunifọ́ọ̀mù, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fi nǹkan bo ojú wọn, èèyàn kò ní mọ ẹni tó wà nínú èwo. Ó tún ní aṣọ tó burú jù lójú òun ni èyí tí èèyàn mẹ́rin ń bá obìnrin kan gbé ìdí rẹ̀, tí obìnrin náà kò sì lè dá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Kí ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan múra tàbí kò múra? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi mọ sí orúkọ nìkan, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì bá mi kí màmá dáadáa. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo ń ṣe jẹun láti ọdún kẹtàdínlógún sẹ́yìn, inú aṣọ ni mo sì máa ń wò kí n tó wo ìta rẹ̀.

Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rí yẹn, egungun ló gbé e ró, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi rọ́bà líle tàbí irin ṣe, tí a máa ń kì bọ inú ojú-ìrán láti abẹ́ ọmú títí dé ìbàdí kí aṣọ má baà ká kò. Àwọ̀n tó dà bí awọ ara la ó wá tẹ́ lé e, orí àwọ̀n yẹn la ó sì ti fi ọwọ́ to òkúta sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Bí àwọ̀n náà kò bá bá àwọ̀ ara ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, iná kámẹ́rà kì í bo àṣírí, ọrùn á dúdú, àyà á sì funfun bí ẹni tó da eérú sára. Bí òkúta bá pọ̀ ju ohun tí àwọ̀n lè gbé lọ, gbogbo iwájú aṣọ á máa fà wálẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa fi ọwọ́ gbé e sókè ní gbogbo ìgbà tó bá rò pé kámẹ́rà ti yí ojú kúrò. Aṣọ Osas tí ẹ dárúkọ yẹn, ohun tó mú mi gbà fún aránṣọ rẹ̀ ni pé òkúta pọ̀ lára rẹ̀, síbẹ̀ ara obìnrin náà ni ojú kọ́kọ́ ń rí, kì í ṣe ẹrù. Kí èèyàn to òkúta kò le, ibi tó yẹ kó dáwọ́ dúró ló ń ṣòro láti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mi kan tó ń lọ síbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n fún ìbàdí rẹ̀ sí i, mo sì ṣe é, nítorí pé mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi hàn. Nígbà tí ọjọ́ pé, kò lè jókòó nínú mọ́tò. A yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kékeré kan, orí ìkúnlẹ̀ ló wà, tó di àga iwájú mú, títí tí a fi dé gbọ̀ngàn. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, ó fara ti ògiri fún bí wákàtí mẹ́ta. Fọ́tò rẹ̀ kò kù síbì kan ní ọjọ́ kejì, oníbàárà tuntun sì ń pè mí láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tú okùn ẹ̀yìn aṣọ náà ní òru. Mo rí ipa egungun kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀, ó pọ́n, ó sì wú bí ojú pàṣán, nígbà tó sì mí kanlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àga onígi kan ti wà níwájú díńgí mi. Ẹnikẹ́ni tí mo bá ránṣọ fún gbọ́dọ̀ jókòó sórí rẹ̀, kó dìde, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ, kí n tó gbà pé iṣẹ́ parí. Ẹ rò ó wò, ìgbà díẹ̀ péré ni kápẹ́ẹ̀tì, orí ìjókòó ni ìyókù alẹ́ náà wà. Nítorí náà, aṣọ tó burú jù lójú mi ni aṣọ tí wọn kò rán fún alẹ́, tó jẹ́ ìṣẹ́jú fọ́tò nìkan ni wọ́n rán an fún, ìbáà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn fèsì pé:

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ sọ, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba ọjọ́ àṣà, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn òṣèré ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ṣáájú alẹ́ àmì-ẹ̀yẹ gan-an láti ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ìmúra tó dára jù wà, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe tó dùn mí jù wà.

Nídìí òfì ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ òkè kì í jáde lórí òfì bí aṣọ ilé-iṣẹ́. Ní ìlà-ìlà ló ń jáde, tí ìbú ìlà kan kò ju bí ìnṣì mẹ́rin lọ, a ó sì wá rán àwọn ìlà náà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Aránṣọ tó bá mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí ìlà náà dúró lóòró, á sì fi mú ẹni tó wọ̀ ọ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kó fi mú un ga. Mo ti rí kọ́sẹ́ẹ̀tì aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ bá egungun rẹ̀ lọ gẹ́rẹ́gẹ́, mo sì dìde dúró nínú pálọ̀ mi nígbà tí mo rí i. Ẹ má ṣe rò pé mo lòdì sí ohun tuntun. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n gé aṣọ òkè dàgìrì, kí etí rẹ̀ máa tú, kí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta mọ́ ọn kí etí tó ń tú náà má baà hàn.

Ní ti àwọn ọkùnrin, mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀. Sányán ní àwọ̀ tirẹ̀, tó dà bí àwọ̀ tíì oníwàrà, òwú tí kòkòrò inú igbó ń ṣe la fi ń hun ojúlówó rẹ̀. Àlàárì pọ́n, ẹtù sì jẹ́ aró tó kùn dáadáa tí ìlà funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ la inú rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin tó bá da agbádá ẹtù sọ́rùn, tó dé abetí ajá tó bá a mu, tó sì mọ bí a ti ń ká apá agbádá lé èjìká, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tan iná sí i lára.

Èyí tí n kò lè gbà ni adé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé adé onílẹ̀kẹ̀ tó ní ìbòjú lérí nítorí kápẹ́ẹ̀tì, ohun tí kò tọ́ sí i ló dé. Ọba aládé ló ni ín, ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, nítorí pé a kì í wo ojú ọba ní gbangba gbàgede bí a ti ń wo ojú ẹlòmíràn. Ẹ wo bí àwọn ará Ẹdó ti ń tọ́jú iyùn tiwọn, tí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti ìyàwó àti èyí tó jẹ́ ti ààfin. Ó yẹ kí tiwa náà ní ààlà.

Alábẹ́rẹ́ Peckham fèsì pé:

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ohun kékeré méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi fọ́tò dájọ́ mọ́. Ẹ wo fídíò, kí ẹ sì yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí fọ́tò fi pa mọ́, ìrìn á tú u. Ohun tó sì jẹ́ kí n yàtọ̀ sí màmá díẹ̀ nìyí, nítorí pé aṣọ ńlá kan wà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀ ọ́n wọ̀. Òṣèré Nana Akua Addo láti Ghana máa ń wọ aṣọ tó dà bí ilé tí ayàwòrán-ilé yà, síbẹ̀ ó máa ń hàn pé ó ti rò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń gbé e rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá ní kí gbogbo èèyàn wọ ohun tó rọrùn, a ó pàdánù irú iṣẹ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a bá aṣọ wí, kí a fi ara sílẹ̀. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fọ́tò àwọn obìnrin yìí ní ọjọ́ kejì, ó sì ń dùn mí: ikùn ẹni báyìí, ìdí ẹni báyìí. Ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú tí apá rẹ̀ gùn dé ìka á sì kọjá láìsí ẹni tó rí i.

Ọmọ Oníléèsì tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí. Nígbà tí mo ka ti obìnrin tó kúnlẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ní kí n tún un kà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Aránṣọ Mọ́kọ́lá pé kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí àga yẹn. Ó gbà fún Alábẹ́rẹ́ Peckham lórí ọ̀rọ̀ ara, ṣùgbọ́n kò tíì gbà lórí aṣọ ńlá.

Ní ti ẹ̀yin Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ó lọ ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ẹtù bàbá mi jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń fi ìka tọ ìlà funfun inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn tí ètò náà bá dé, a kò ní pa tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì mọ́, a ó dúró kí a wo bí wọ́n ti ń jókòó.