Ọwọ́ di bọ́ọ̀lù mú, ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ló tún kù?

Ẹyẹ Baltimore
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ Ravens, ẹgbẹ́ wa ní Baltimore, àti Steelers ti ọjọ́ 7 Oṣù Kejìlá 2025 ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Isaiah Likely tiwa mú bọ́ọ̀lù nínú end zone, ibi ìjẹ-ayò ní ìparí pápá, ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, rẹfirí náwọ́ sókè pé touchdown ni, ìyẹn ni pé ayò ti wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbá bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta kalẹ̀. Wọ́n yẹ fídíò wò, wọ́n wọ́gi lé e. Steelers fi 27 sí 22 lọ sílé.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, bí imú bọ́ọ̀lù bá ti kan ìlà end zone báyìí, touchdown ti wọlé. Bí wọ́n bá já a gbà lójú ẹsẹ̀, kò kan ẹnì kankan. Kí ló wá dé tí ẹni tó dúró sínú end zone gan-an fi ní láti ṣe ju ìyẹn lọ? Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ti Steelers, ní kí n lọ ka òfin. Mo kà á. Orí mi túbọ̀ dàrú ni.

Àgbà Cowboys
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ti ni ín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ìlà nìkan ló kù kó kàn. Ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ò tíì ní nǹkan kan. Ibi yòówù kó dúró sí, àfi kó kọ́kọ́ ni ín ná.

Láti 2018, nǹkan mẹ́ta ni òfin ń béèrè: kí bọ́ọ̀lù wà ní ìkáwọ́ ẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì, tàbí ibòmíràn lára ẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́, balẹ̀ nínú pápá, kó sì tún ṣe nǹkan kan lé e, bíi kó gbé ẹsẹ̀ kẹta, tàbí kó na bọ́ọ̀lù síwájú, tàbí kó dì í mú pẹ́ débi tí ì bá fi lè ṣe é. Ẹ̀kẹta yìí ló ń dájà sílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni Likely ṣe.

Kí ìyẹn tó dé, ilẹ̀ ni ọ̀tá wa. Ẹni tó bá ń ṣubú gbọ́dọ̀ di bọ́ọ̀lù mú títí yóò fi ṣubú tán. Òun ni wọ́n fi gba touchdown lọ́wọ́ Calvin Johnson ní 2010, tí Bears fi na Lions 19 sí 14. Òun náà ni wọ́n fi pa wá ní Green Bay, ilé Packers, ọjọ́ 11 Oṣù Kìíní 2015. Ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ níbí o. Down kẹrin, ìyẹn ìgbìyànjú tó kẹ́yìn, yáàdì méjì ló kù. Tony Romo tiwa jù ú sókè, Dez Bryant tiwa fò ga ju Sam Shields ti Packers lọ, ó mú un, ó gbésẹ̀, ó nawọ́ sí ìlà. Bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀, ó ta sókè. Rẹfirí ní ó mú un. Mike McCarthy, kóòṣì Packers, ju àsíá pupa sílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ fídíò wò, wọ́n bá yí i padà. Packers 26, àwa 21. Ọdún 2020 dé, ta ni wọ́n gbé wá bá wa gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì? McCarthy yìí kan náà! Inú mi ò tíì rọ̀.

Ọmọ Steelers
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní jẹ́ ká sinmi lórí Dez yìí láé. Àwa náà ní tiwa: Jesse James, ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá 2017. Orúnkún ẹ̀ balẹ̀, ó yí padà, ó na bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ilẹ̀ mì ín lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kò mú un. Patriots 27, àwa 24. Oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ẹgbẹ́ dìbò, 32 sí òdo, ọ̀rọ̀ ṣíṣubú kúrò nínú òfin.

Ìwọ Ẹyẹ Baltimore, bó o bá ní kí ẹsẹ̀ méjì tó, rò ó dé àárín pápá. Ẹnì kan gba bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ méjì balẹ̀, wọ́n kọ lù ú lójú ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́. Lónìí, kò mú un nìyẹn, ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣì ni bọ́ọ̀lù tí kì í bá ṣe down kẹrin. Pẹ̀lú òfin tìẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dì í mọ́lẹ̀ ló ni ín. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ figbe ta.

Ẹyẹ Baltimore
Ti àárín pápá yẹn yé mi. Nínú end zone ni mo ṣì ń jà. Ibo ló tún fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù lọ níbẹ̀? Kí wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀.

Àgbà Cowboys
Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò bá tíì kọjá ìlà ńkọ́, tí èkejì wà nínú end zone? Òfin wo ni rẹfirí á lò fún un?

Olójú Fídíò
Èmi ò ní kí wọ́n yí òfin padà. Bí wọ́n ṣe ń wo fídíò ni ẹjọ́ mi. Fún ìka ẹsẹ̀ Likely tó kan ìlà ẹ̀yìn end zone ní 2024, nígbà tí Chiefs borí Ravens 27 sí 20, kí wọ́n fà á lọ́ra bó ṣe wù wọ́n: ó kàn án tàbí kò kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá di pé ṣé ó di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ tó, ìyára tó fi ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi wò ó. Bí o bá fa fídíò lọ́ra tó, kò sí ìdìmú tí ò ní pẹ́ lójú ẹ.