Òrùka òkè Ririwai: ṣé kàlìdérà ni lóòótọ́?

Ará Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Abuja lọ wo òkè Ririwai ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kano. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì, àwọn òkè náà tò yípo bí òrùka. Ṣé ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni? Kí la máa fi dá a mọ̀ tá a bá dé ìdí òkúta?

Atúdìí Òkúta
Ẹ kú ètò. Kàlìdérà ni, ìyẹn kòtò ńlá tó máa ń kù tí òrùlé òkè ayọnáyèéfín bá rì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ́ lẹ ń wò, ìdí rẹ̀ ni. Òjò àti ọ̀gbàrá ti họ ẹnu lọ tipẹ́.

Ẹ wo ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná tí ìdérí rẹ̀ fi díẹ̀ kéré ju ẹnu ìkòkò lọ. Tí ẹ̀kọ bá fà nísàlẹ̀, ìdérí á rì, ẹ̀kọ á sì rú gba etí rẹ̀ yípo. Bẹ́ẹ̀ náà ni mágímà, ìyẹn òkúta tó yọ́, ṣe kóra jọ lábẹ́ ilẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ tì í jáde, òrùlé rẹ̀ kò rí nǹkan gbé e ró mọ́, ó ya yípo, ó rì. Mágímà tó kù gba ojú ìlà yẹn gòkè, ó dì. Òun ló di akọ òkúta tó tò bí òrùka. Ó le ju òkúta tó yí i ká, òun ló fi yọrí nígbà tí ìyókù jẹ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ ti ìta wọlé, kí ẹ gé òrùka náà kọjá tààrà. Òkúta àtijọ́ abilà lẹ ó kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta òrùka: hóró ńláńlá fẹ́lísípà, ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di akọ òkúta, nínú ara kíkúnná. Nínú lọ́hùn-ún ni ráyóláìtì, eérú gbígbóná tó lẹ̀ pọ̀ tó sì dì. Ẹ fọ́ ọ kí ojú tuntun yọ, torí ojú tí oòrùn àti òjò ti jẹ máa ń tanni. Ẹ bomi sí i, kí ẹ fi awò onílọ̀ọ́po 10 wò ó. Ẹ ó rí ìlà dúdú kéékèèké, orí àti ìdí wọn ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ahọ́n iná. Òkúta oníhò bíi kànìnkànìn ni wọ́n tẹ́lẹ̀; ẹrù orí wọn ló tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ nígbà tí wọ́n ṣì gbóná. Bí ìlà bá gùn láìjá, tó ń ká bí aṣọ, láfà, ìyẹn mágímà tó ṣàn jáde, ni, kì í ṣe eérú.

Ẹ wọ awò ààbò o. Ráyóláìtì máa ń fọ́ bí ìgò.

Awakùsà Bukuru
Ẹ má gbàgbé tánganran, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń yọ́ di tin; orúkọ tí Hausa ń pè é, kuza, jọ ọ̀rọ̀ kùsà tiwa. Ẹ fi igbá jọ yanrìn odò. Tánganran wúwo tó ìlọ́po 7 omi, kúọ́ọ̀tìsì, ìyẹn hóró yanrìn lásán, kò ju 2.65 lọ, nítorí náà hóró dúdú á kù nísàlẹ̀ igbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dúdú ni tánganran. Mágínẹ́ẹ̀tì á kó mágínẹ́táìtì, hóró dúdú onírin, kúrò, íílímẹ́náìtì, hóró dúdú mìíràn, á ṣẹ́ kù. Ẹ gbé hóró lé orí irin síńkì (zinc), kí ẹ kán ásíìdì háídróklóríìkì tí a ti pò mómi sí i. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú tánganran á di eérú tó ń dán. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, láìsí iná nítòsí.

Ará Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Òkè Zuma àti òkè Kerang ńkọ́?

Atúdìí Òkúta
Zuma kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ló dì sí kó tó yọjú. Kerang, ní ìpínlẹ̀ Plateau, jẹ́ òkè ayọnáyèéfín. Básáọ̀tì, òkúta dúdú tí láfà dì sí, ni, ó sì kéré lọ́jọ́ orí gan-an sí òrùka Ririwai. Láti àríwá sí gúúsù ni àwọn òkè olórùka yìí ń dín lọ́jọ́ orí: Dutse tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 213, Afu ní Nasarawa jẹ́ 141.

Tí ẹ bá dé Kerang, ẹ má gbé kọ́ńpáàsì lé orí òkúta. Mágínẹ́táìtì inú básáọ̀tì máa ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ kà á, ẹ rìn mítà 10 sẹ́yìn, ẹ tún un kà. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ fi GPS wá ọ̀nà.