Lórí “aṣàwárí” àti “aginjù”: wọ́n wá a, wọn ò rí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìtàn tí ẹ ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Gbólóhùn tí ẹ ní ká bá yín wò lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń fèsì sí: “Lewis àti Clark, àwọn aṣàwárí tó fojú winá ewu inú aginjù Amẹ́ríkà.” Ọmọ ogun Amẹ́ríkà méjì tí ìjọba wọn rán lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ní 1804 ni Lewis àti Clark. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló há mi lọ́fun nínú gbólóhùn yẹn.

Ẹnìkan ti ní ká má lo “aṣàwárí” torí pé àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rán wa létí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya, àfi bí ẹni pé àwọn apẹja Núpé ò rí omi tí wọ́n ń tukọ̀ lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè wa ò sọ pé ohun tá a wá rí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ata tó ń wá ti wà lọ́jà kó tó jáde nílé. Ìjà tèmi yàtọ̀. Wá, kí o sì rí, ni àwárí. Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, rán Lewis àti Clark pé kí wọ́n lọ wá ọ̀nà omi tí ọkọ̀ á gbà dé Òkun Pàsífíìkì. Wọ́n gbéra nítòsí St. Louis ní oṣù Karùn-ún 1804, wọ́n tọ Odò Missouri lọ sókè, àwọn òkè Rocky ló pàdé wọn. Wọ́n dé òkun lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà omi yẹn, wọ́n wá a, wọn ò rí i. Aṣàwárí ti bọ́ níbo?

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n sì ń kọ nípa ewéko, ẹranko àti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n bá pàdé. “Amí” tí ẹnìkan dábàá sún mọ́ ọn, bíi tàwọn méjìlá tí Mósè rán, àmọ́ ọmọ tó bá ka amí lónìí, ọ̀tá tó fara pa mọ́ ló máa rò. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní “ayẹlẹ̀wò”, ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Kò lè dà pọ̀ mọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Tìyẹn kì í yọjú àfi tí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilẹ̀.

Aginjù ńkọ́? Iyanrìn ni ọmọ á máa rò. Ọ̀dàn ni wọ́n ń gbà lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, koríko lọ súà, ẹfọ̀n ń jẹ̀ lágbo lágbo. Sacagawea, obìnrin ẹ̀yà Shoshone tí àwọn ẹ̀yà Hidatsa jí gbé ní kékeré, wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1805, ó rí àpáta kan, ó dá a mọ̀, ó ní àwọn èèyàn òun ò jìnnà mọ́. Láìpẹ́, ó bá Cameahwait arákùnrin rẹ̀ tó ti di olóyè wọn. Aginjù lẹ́nu ta?

Ó wá ku “ewu”. Ó wà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1805, Lewis yìnbọn fún ẹfọ̀n kan, ó ń wò ó títí kó ṣubú, kò rántí ki ìbọn padà. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, béárì kan ti kù sí nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀. Ó sá wọ odò títí omi fi dé ìbàdí rẹ̀, ó yíjú padà, ó na ọ̀kọ̀ sí i, ẹranko náà bá sá lọ. Ọdẹ ilé wa á ti bú u, ta ní ń fi ìbọn òfìfo dúró lọ́dàn? Síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú wọn, Charles Floyd, àìsàn ìfun inú ló sì jọ pé ó pa á, kì í ṣe ẹranko. Ọta tó ba Lewis nítan ní 1806, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ ló yìn ín, ó ṣèèṣì pè é ní ẹran. Lórí òkè Bitterroot, ọ̀kan lára àwọn òkè Rocky, ebi ni, ọmọ ẹṣin ni wọ́n pa jẹ. Ìyà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Nítorí náà: “Lewis àti Clark, àwọn ayẹlẹ̀wò tó rí ewu, tó sì jìyà, ní ọ̀dàn àti òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà.” Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Tí olóòtú bá ní kẹ́ ẹ gé e, “rí ewu” ni kẹ́ ẹ yọ, ẹ má yọ “jìyà”.