Páṣẹ́njà tó ń fa féèpù (sìgá oníbátìrì tó ń rú èéfín olóòórùn èso) nínú mọ́tò, kí lẹ máa ń ṣe fún wọn?

Dẹ́rẹ́bà Baṣírì: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ọmọkùnrin kan lánàá, ó mú dróòpù láti Fájúyì ní Adó-Èkìtì lọ sí Ìwọ́rọ̀kò, mo tan ẹ́sí fún un, a ò tíì kọjá àdúgbò Adébáyọ̀ tán ni mo wo míràò tí mo rí i pé èéfín ti bo ẹ̀yìn mọ́tò. Mo rò pé wáyà ló ń jó o! Mo ti páàkì, mo ti lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó rí nǹkan bíi bírò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní "Dádì ẹ má bínú, máńgòrò ni."

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ̀ 😂😂😂

Bàbá Ìbejì: Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn ọmọ Ọ̀yẹ́ fa tiwọn sílẹ̀ nínú mọ́tò mi, díákónì tí mo máa ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì wá wọlé, ó fimú fà á, ó ní ta ló ń mugbó níbí. Mo ní sìtirọ́bẹ́rì ni sà. Ó ní ṣé sìtirọ́bẹ́rì ni wọ́n ń pè é báyìí.

Àbúrò Yín: Omi lásán ni féèpù jàre, kì í ṣe sìgá

Dẹ́rẹ́bà Baṣírì: Omi wo? Nikotíìnì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú bí òróró, tó bá dalẹ́ tí mọ́tò tó ń bọ̀ bá tanná sí ẹ lójú, o ò ní rí títì.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Òfin tábà ọdún 2015 sáà ti ní kí wọ́n má mu sìgá nínú mọ́tò èrò

Àbúrò Yín: ṣé wọ́n dárúkọ féèpù níbẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Èmi kì í ṣe lọ́yà, mọ́tò mi ni mo mọ̀.

Ìyá Oníyán: Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà náà ńkọ́? Èyí tó gbé mi láti Ìjerò, áásà ló ń fín, ó ń sín títí a fi dé Adó, ọwọ́ kan ló fi di sitiárìn mú, èmi ń pe Jésù.

Bàbá Ìbejì: Áásà kì í ṣèéfín mà

Ìyá Oníyán: Ó sín sórí ìborùn mi!!

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Dẹ́rẹ́bà Baṣírì, ọmọ yẹn sanwó ṣá?

Dẹ́rẹ́bà Baṣírì: Ó san. Ó tún fi 500 lé e pé kí n fi ra omi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ wá ń pariwo!