Kálípà mi ò tó mọ́: irú micrometer wo ni kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń fi lathe gé irin. Àkúrẹ́ ni mo wà. Crankshaft jẹnẹrétọ̀ (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀) la sábà máa ń lọ̀. Kálípà oníbátìrì tí mo fi ń wọn irin ń kọ 0.01 mm sójú, àmọ́ ó lè fi 0.02 ṣìnà. Tí mo bá tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ irin jù báyìí, nọ́ńbà á yí padà.

Mo rí micrometer (irinṣẹ́ ìwọ̀n tó péye ju kálípà lọ) tòkunbọ̀ kan, tó ń wọn 25–50 mm, ṣùgbọ́n irin 25 mm tí a fi ń yẹ òdo rẹ̀ wò ò sí níbẹ̀. “Orígínà ni” lọlọ́jà ń wí ṣá (ta ni kì í wí bẹ́ẹ̀?). Ṣé kí n rà á, àbí tuntun olówó pọ́ọ́kú sàn jù? Báwo lẹ ṣe ń dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó?