Ẹgbẹ́ Wings àti àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Àpápá ní 1973: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ́ràn àwo àtijọ́.

Bàbá mi fi àpótí àwo kan sílẹ̀ fún mi ní ilé wa ní Sùúrùlérè kí wọ́n tó papò dà. Jùjú àti àpàlà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí mi, nítorí orin tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni. Ṣùgbọ́n àwo òyìnbó kan ṣoṣo wà láàárín wọn, Band on the Run, tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, gbé jáde. Lára èpo rẹ̀, àwọn ènìyàn mẹ́sàn-án fẹ̀yìn ti ògiri, iná ńlá sì tàn sí wọn lára bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ká mọ́ ibi tí ó ti ń sá lọ. Bàbá mi a máa sọ pé Àpápá níbí ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, èmi a sì máa rò pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí Èkó ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fetí sí i, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ṣé òótọ́ ni pé Èkó ni wọ́n ti ṣe é? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni ó gbé irú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ibo ni ìrìn àjò wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibí? Èyí tí ó rú mi lójú jù ni pé n kò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀ tí ó jọ ìlù ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún kù: orin mẹ́sàn-án ni ó wà lórí àwo bàbá mi, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni ó wà lórí èyí tí àbúrò wọn gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí kí ó ràn mí lọ́wọ́.

Àgbà Èbúté Mẹ́ta

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere, àbúrò mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Sítúdíò EMI tí ó wà ní Wharf Road ní Àpápá ni wọ́n ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin inú àwo náà sílẹ̀, ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 1973.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970 ni gbogbo ayé gbọ́ pé ẹgbẹ́ Beatles, tí McCartney wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti túká. McCartney ṣe àwo kan ní òun nìkan, ó ṣe òmíràn pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní ọdún 1971. Linda ń tẹ dùùrù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Denny Laine, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Moody Blues tẹ́lẹ̀, ń ta gìtá. Denny Seiwell, ọmọ Amẹ́ríkà, ni onílù wọn. Nígbà tí Linda ń rọbí Stella ọmọ wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí ìbímọ náà sì le, inú àdúrà ni McCartney wà tí orúkọ Wings fi wá sí i lọ́kàn, ìyẹn ìyẹ́ apá tí ẹyẹ àti áńgẹ́lì fi ń fò.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú ìtàn wọn ni bí ọkùnrin yìí ṣe gbà láti bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tí ó ti kọrin ní pápá Shea ní New York ní 1965 lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kó ìyàwó, ọmọ, ajá àti irinṣẹ́ orin sínú ọkọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1972, tí ó ń lọ láti yunifásítì kan sí òmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìkéde kankan, tí ó ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n yá àwọn ní gbọ̀ngán. Nottingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta pẹ́ńsì sì ni owó ìwọlé. Henry McCullough, onígìtá láti Northern Ireland, ti dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà náà. Àwọn alárìíwísí kò gba àwo wọn àkọ́kọ́, Wild Life, tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí 1973 dé, Red Rose Speedway gòkè dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, orin tí wọ́n kọ fún fíìmù James Bond, Live and Let Die, sì gbajúmọ̀ káàkiri.

Ìgbà yẹn ni McCartney ní kí ilé-iṣẹ́ EMI fi orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n ní sítúdíò sí ránṣẹ́ sí òun, tí ó sì yan Èkó. Ó lérò pé òun yóò máa gbádùn etíkun lọ́sàn-án, òun yóò sì máa kọrin lálẹ́. Ojú ọ̀run tí ó ṣú àti òjò ni ó pàdé rẹ̀. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú pàápàá, ẹgbẹ́ náà ti fọ́: McCullough bá a jà níbi ìdánrawò, ó sì kúrò, nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, Seiwell tẹ̀ ẹ́ láago pé òun kò lọ mọ́. Báyìí ni ó ṣe ku tọkọtaya náà àti Laine, pẹ̀lú Geoff Emerick, ẹni tí ó ti bá Beatles ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀.

Ojú wọn rí màbo níbí. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ sítúdíò náà ní fún gbígba ohùn. Lóru ọjọ́ kan, tọkọtaya náà ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé bí wọ́n tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n yọ ọ̀bẹ, wọ́n sì gba gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì tí McCartney gba àwọn orin tuntun náà sí nílé wà nínú ẹrù yẹn, àti ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sí. Orí ni ó fi rántí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí o bá tún ń gbọ́ àwo bàbá rẹ, fi ìyẹn sọ́kàn: inú orí ẹni tí wọ́n jà lólè ní Èkó ni ó ti jáde.

Onílù Múṣin

Ẹ ṣeun, bàbá. Ibi tí ẹ dúró sí ni èmi fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlù ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè àbúrò wa nípa ìlù sì tó ìbéèrè.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé Fẹlá ni kò jẹ́ kí ohùn Èkó wọ inú àwo náà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. McCartney lọ gbọ́ Fẹlá Ransome-Kuti, bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí nígbà náà, ní Shrine, ó sì ti sọ fúnra rẹ̀ pé orin náà wọ òun lára débi pé òun sunkún. Lẹ́yìn èyí ni Fẹlá wá kéde ní gbangba pé ṣe ni àwọn òyìnbó náà wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú gbé. McCartney pè é wá sí Àpápá, ó fi ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ hàn án, Fẹlá sì gbọ́ ọ pé kò sí ohun ilẹ̀ wa kankan nínú rẹ̀. Ìjà náà rọlẹ̀. Èmi kò dá Fẹlá lẹ́bi. Olórin tí wọ́n bá gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀ ni ó mọ bí ó ṣe ń dunni, ẹni tí ó bá sì ní ìṣúra nílé kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí àlejò bá ti jáde kí ó tó bèèrè ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀.

Síbẹ̀, mo rò pé ìdí tí ó tóbi ju ìyẹn lọ wà. Ẹ wo irú Èkó tí wọ́n bá ní 1973. Tony Allen ń lùlù fún Fẹlá, Ebenezer Obey ń gbé àwo jáde ní Decca, Sunny Adé ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò sí ohun tí onílù ọ̀wọ́n fi jẹ́ ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Seiwell kò wá, McCartney fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sídìí ìlù. Bí ó bá ti lu ìlù tán, a padà wá ta gìtá báàsì lé e, a tún padà wá tẹ dùùrù, ojú ọ̀nà kan tẹ̀ lé òmíràn lórí ẹ̀rọ. Ìlù tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ìlù wa: ìyáàlù yóò pè, omele yóò dá a lóhùn, ẹni tí ó ń jó yóò sì fi ẹsẹ̀ fèsì. Ènìyàn kan ṣoṣo kò lè bá ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó. Nítorí náà, bí Fẹlá kò bá tilẹ̀ sọ ohunkóhun, mo gbà pé báyìí náà ni àwo yẹn ì bá ṣe dún. Ohun tí Èkó fi sínú rẹ̀ ni ìdánìkanwà ọkùnrin náà, ẹ ó sì gbọ́ ọ bí ẹ bá fetí sí bí ìlù náà ṣe ń rìn láìyà síbì kan.

Ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tí ó lùlù nínú àwo náà ni Remi Kabaka, nínú orin Bluebird, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti gba tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti padà.

Ọmọbìnrin Ìkẹjà

Ẹ má gbàgbé Ìkẹjà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sùn sí, tí wọ́n fi ń wakọ̀ lọ sí Àpápá lójoojúmọ́. Ìkẹjà náà ni Ginger Baker, tí ó jẹ́ onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream tẹ́lẹ̀, kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí, ẹni tí ó fi ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo àwo náà lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n orin kan péré ni wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, Picasso's Last Words. Baker àti àwọn mìíràn rọ òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, wọ́n sì ń mì ín bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ní ti orin mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, ilé-iṣẹ́ tí ó gbé àwo náà jáde ní Amẹ́ríkà ni ó fi Helen Wheels kún un, orin tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà lórí àwo kékeré. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní in.

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbọ́ agolo náà, ọkàn mi sì fò. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹgbẹ́ náà ṣe parí?

Àgbà Èbúté Mẹ́ta

Àwo náà jáde ní ìparí 1973, kò kọ́kọ́ tà kíákíá. Orin Jet àti orin tí ó jẹ́ orúkọ àwo náà ni wọ́n gbé e dìde ní 1974, ó dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Jimmy McCulloch wá fún gìtá, nígbà tí ó sì yá, Joe English fún ìlù. Venus and Mars jáde ní 1975, Wings at the Speed of Sound ní 1976, wọ́n sì rìn káàkiri ayé láti 1975 títí di 1976. Ìgbà tí wọ́n lágbára jù lórí ìtàgé nìyẹn.

Ní 1977, McCulloch àti English kúrò. Nígbà tí Mull of Kintyre fi máa jáde ní oṣù kọkànlá, àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wá sí Èkó ni ó tún kù. Orin yẹn wà ní ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, òun sì ni àwo kékeré àkọ́kọ́ tí ó tà ju mílíọ̀nù méjì lọ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ yìí ku ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni ọwọ́ wọn sì tẹ ohun tí ó tóbi jù.

Wọ́n tún mú ẹlòmíràn wọlé fún Back to the Egg ní 1979, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1980 ni wọ́n rí igbó nínú ẹrù McCartney ní pápákọ̀ òfuurufú Narita ní Japan. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, eré tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ sì dàrú. Laine kúrò ní 1981, ẹgbẹ́ náà sì parí. Linda ṣaláìsí ní 1998, Laine ní oṣù kejìlá ọdún 2023.

Onílù Múṣin

Bàbá, ẹ ti jẹ́ kí n rántí ohun kan. Nínú Mull of Kintyre, ẹgbẹ́ afunfèrè Campbeltown, àwọn ará àdúgbò McCartney gan-an ní Scotland, ni wọ́n pè wá fọn fèrè wọn, ohùn wọn ni ó sì gbé orin náà ró. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, Àpápá ni mo ń rò: irú ìpè bẹ́ẹ̀ sí onílù Èkó kan, kí a jọ sọ̀rọ̀ nínú orin, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sára èpo. Ó ń dùn mí pé kò ṣẹlẹ̀.

Àgbà Èbúté Mẹ́ta

Ó dun èmi náà. Ọmọ Sùúrùlérè, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ bá ti gbó, má ṣe gbé àwo bàbá rẹ lé e mọ́, nítorí yóò ha á. Mo ní ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì mú. Gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé, kí a jọ gbọ́ ọ.