Físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà mi: ṣé ó tó láti wọlé?

Àkọ́lọ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti rin ìrìn-àjò jìnnà ṣáájú wa. Èmi kò tíì jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè mi rí, nítorí náà kí ẹ má bínú bí ìbéèrè mi bá dà bí ti ọmọdé lójú yín. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jámánì fún mi ní físà Schengen, ìyẹn físà kan fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ti gbà kí ènìyàn máa kọjá láàárín wọn láìsí àyẹ̀wò ẹnubodè, nítorí ìpàdé ọlọ́sẹ̀ kan tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn èyí tí mo fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Faransé kí n tó padà. Inú mi dùn nígbà tí ìwé ìrìnnà mi dé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára físà náà ni ọ̀rọ̀ ń rú mi lójú.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé físà náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ó sì parí ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, síbẹ̀ wọ́n tún kọ 10 sí iye ọjọ́ àti 01 sí iye ìgbà ìwọlé. Èwo ni kí n tẹ̀lé? Ṣé mo lè dúró títí di ọjọ́ 28? Èkejì, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà nítorí pé owó wọn kéré: ọ̀kan yóò gbé mi dé London, èkejì yóò gbé mi láti ibẹ̀ lọ sí Frankfurt ní wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí mo bá dé. N kò ní jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú, mo sì rò pé n kò nílò físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n lè dá ènìyàn padà láti ẹnubodè bí ó tilẹ̀ ní físà lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn ń dẹ́rù bà mí?

Arìnnàká fèsì:

Ẹ kú oríire físà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kejì, nítorí òun ni ó lè ba ìrìn-àjò yín jẹ́ kí ẹ tó gbéra rárá. Físà Schengen kò ní agbára kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè 29 ni ó wà nínú àdéhùn Schengen, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ireland náà kò sí níbẹ̀. Ẹ má sì fi àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òdiwọ̀n: Switzerland àti Norway kò sí nínú àjọ náà, síbẹ̀ wọ́n wà nínú Schengen, nígbà tí Ireland wà nínú àjọ náà tí kò sì sí nínú Schengen.

Gbólóhùn yẹn, pé ẹ kò ní jáde kúrò ní pápákọ̀, ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ ni òfin ń wò, tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ wọlé-wọ̀de ni. Bí ẹ bá ti kọjá lọ́dọ̀ wọn, ẹ ti wọ ìlú nìyẹn, bí ẹ kò tilẹ̀ fojú kan títì. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ ìlú ìkẹyìn sára ẹrù rẹ̀, ẹrù náà yóò sì bá bàálù kejì lọ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú méjèèjì kò bá ní àdéhùn láàárín ara wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó lọ gba ẹrù ní London, ẹ ó wọ́ ọ jáde, ẹ ó sì tún lọ fi í lé ilé iṣẹ́ kejì lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù sì rèé, lẹ́yìn tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ wọlé-wọ̀de ni ó wà.

Oríṣi físà ìkọjá méjì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní. Ọ̀kan wà fún ẹni tí yóò wọ bàálù mìíràn láìkọjá lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ wọlé-wọ̀de, èkejì wà fún ẹni tí yóò kọjá lọ́dọ̀ wọn tí yóò sì kúrò nílùú láàárín wákàtí 48. Ẹ kò sọ ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè wo ni ó wà lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni yóò pinnu bóyá ẹ nílò ọ̀kan nínú wọn, tàbí bóyá ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ETA ti tó yín. Lórí ìkànnì ìjọba wọn, gov.uk, ẹ lè yan orílẹ̀-èdè yín àti ìdí ìrìn-àjò yín, yóò sì sọ ohun tí ẹ nílò. Ẹ má gba ìdáhùn yìí lẹ́nu ẹni tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ má sì gbà á lẹ́nu èmi náà. (Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni ẹ fẹ́ gbà kọjá, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn: gbogbo èrò tí bàálù bá já sílẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń kọjá lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ wọlé-wọ̀de, ìbáà jẹ́ pé wákàtí kan péré ni wọ́n fẹ́ lò.)

Ìyá Dúró fèsì:

Ohun tí Arìnnàká kọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni èmi náà rà, físà ibi tí mò ń lọ sì wà lọ́wọ́ mi digbí, ṣùgbọ́n n kò ní ti ibi tí mo fẹ́ gbà kọjá. Kì í ṣe ẹnubodè òkèèrè ni wọ́n ti dá mi dúró o. Ní tábìlì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, níbi tí mo ti fẹ́ gbéra gan-an, ni ọmọbìnrin kan ti tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bojú wò mí, ó sì ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ṣàlàyé títí, mo tilẹ̀ bínú sí i, bàálù sì lọ. Wọn kò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì kankan padà nínú méjèèjì.

Nígbà tí inú mi rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé orílẹ̀-èdè kan yóò san owó ìtanràn, yóò sì tún ru ìnáwó àtigbé ẹni náà padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ wá wò kí àwọn aṣọ́bodè tó rí wa. Inú àkójọ òfin kan tí wọ́n ń pè ní Timatic, tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, IATA, ń bójú tó, ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wò ó. Bí ohun tí ó wà níbẹ̀ bá sọ pé ẹ kò lè lọ, àrọwà kò ràn án. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi í sórí ìkànnì wọn kí èrò lè yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó kúrò nílé, inú mi ìbá sì dùn ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi nígbà náà.

Olùṣírò fèsì:

Ó ku ti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára físà. Ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28 ni àkókò tí físà yín fi lágbára. Nọ́ńbà 10 ni iye ọjọ́ tí ẹ lè lò nínú àkókò náà, òun sì ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Bí ẹ bá kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé ọjọ́ 25 ni ó wà láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28, èyí tí í ṣe ọjọ́ 10 tí ẹ béèrè fún pẹ̀lú ọjọ́ 15 tí òfin ní kí wọ́n fi kún un, nítorí pé ìrìn-àjò lè sún síwájú. Bí ẹ bá wọlé ní ọjọ́ 15, ẹ lè dúró di ọjọ́ 24. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé ní ọjọ́ 22, ọjọ́ 28 ni ẹ gbọ́dọ̀ jáde, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì lò ju ọjọ́ 7 lọ. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni òpin.

Ọjọ́ tí ẹ wọlé wà nínú ìṣirò, ọjọ́ tí ẹ jáde náà wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ lò nínú ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọlé ní ọjọ́ 4 tí ó sì jáde ní ọjọ́ 13 ti lo ọjọ́ 10 pé.

Nọ́ńbà 01 túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè wọlé. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Jámánì lọ sí Faransé láìsí wàhálà, nítorí pé inú Schengen kan náà ni ẹ ṣì wà. Bí ẹ bá yà sí London láti Paris ní òpin ọ̀sẹ̀, físà yín ti parí nìyẹn, ẹ kò sì ní lè padà wọlé, ọjọ́ mélòó kan ìbáà kù nínú 10 yẹn. Àwọn tí físà wọn jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìṣirò tiwọn, èyí tí í ṣe ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, tí a máa ń kà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí a bá wà. Ẹni tí ó bá lo ọjọ́ 1 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún láìjáde ti lo 90 pé, kò sì lè padà títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ. Ti yín kò dé ibẹ̀.

Ẹ má fi ìlànà yìí ka físà orílẹ̀-èdè mìíràn o. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ó wà lára físà ń sọ ìgbà tí ẹ lè fi í dé ẹnubodè ni. Òṣìṣẹ́ tí ó gbà yín wọlé ni ó ń pinnu ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde, inú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94 ni ẹ ó sì ti rí i.

Àkọ́lọ fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá Dúró, ẹ kú àdánù owó yẹn. Ìdáhùn Olùṣírò ti wá dá ìbẹ̀rù mìíràn sílẹ̀. Ọjọ́ 4 ni mo fẹ́ wọlé, bàálù tí yóò gbé mi kúrò ní Paris yóò sì gbéra ní aago kan òru ku ogún ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ 14. Ṣé mo ti kọjá ọjọ́ 10 nìyẹn? Ìwé ìrìnnà mi náà yóò parí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, mo sì ti gbọ́ pé oṣù mẹ́fà ni ó gbọ́dọ̀ kù lára rẹ̀.

Arìnnàká fèsì:

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń béèrè oṣù mẹ́fà lóòótọ́, Schengen kò sí lára wọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde ni tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kí ìwé ìrìnnà náà má tíì ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ti yín ju oṣù márùn-ún lọ, ó tó.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, kò parọ́. Físà ń sọ pé ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ti yẹ̀ yín wò, tí wọn kò sì rí ìdí láti dá yín dúró. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè ṣì ní ẹ̀tọ́ láti tún bi yín. Ní Frankfurt, ó lè bi yín ní ohun tí ẹ wá ṣe, ibi tí ẹ ó dé sí, owó tí ẹ ó ná, àti bí ẹ ṣe fẹ́ padà. Àwọn ìwé tí ẹ fi gba físà gan-an ni kí ẹ kó dání: ìwé ìpè sí ìpàdé, ìwé ilé ìtura ti Jámánì àti ti Faransé, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ẹ̀rí owó, àti ìwé adójútòfò ìlera, èyí tí ó gbọ́dọ̀ tó €30,000 ó kéré tán. Inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Mo ti rí ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù tí ó fi ránṣẹ́, tí ó wá ń ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ pé ìwé òun wà nínú ẹrù.

Bí ẹ bá ti ń sọ òótọ́, ìdáhùn kúkúrú ni ó dára jù. Ìdáhùn tí ó tako ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù físà ni ó ń fa wàhálà: ẹni tí ó gba físà nítorí ìpàdé tí kò wá mọ orúkọ ìpàdé náà, tàbí tí ó ní òun fẹ́ wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe kí òun tó padà. Ẹ tún yẹ orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì yín wò, kí ó bá ti inú ìwé ìrìnnà mu. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé owó tí ó tó €10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé, kò léèwọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè.

Olùṣírò fèsì:

Ní ti bàálù aago kan òru, àkókò tí ẹ kọjá lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ wọlé-wọ̀de ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ jáde. Bí ẹ bá ti kọjá ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 13, ọjọ́ 10 ni ẹ lò. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀ tí ọ̀gànjọ́ òru sì bá yín lórí ìlà, ó di 11. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò EES, tí ó ń gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka àlejò, tí ó sì ń fi kọ̀ǹpútà ka ọjọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé èrò pọ̀. Èmi ìbá yí bàálù náà padà.

Àkọ́lọ fèsì:

Mo ti pe àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní ẹrù mi kò lè kọjá tààrà ní London, ìkànnì ìjọba wọn sì fi hàn pé mo nílò físà ìkọjá, èyí tí kò sí àkókò mọ́ láti béèrè fún. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí yóò gbé mi lọ tààrà sí Frankfurt, mo sì ti yí ti Paris sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ 13. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ ti lọ, àti díẹ̀ lé e.